Agbẹ̀bí Tó Kọ́ Afárá

Ní ọ́fíìsì wa, a kì í fi orúkọ pe àwọn tí orúkọ wọn bá jọra. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn là ń pè wọ́n. Bí ẹ bá ní ẹni mẹ́fà tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú àpótí káàdì kan, tí ẹ wá ń pariwo orúkọ yẹn láti yàrá kan dé òmíràn, wàhálà lẹ̀ ń wá fún ara yín. A ní Ọba, tó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré lórí oyè. A ní Atukọ̀, tó wá erékùṣù kan lọ tó sì lọ kọsẹ̀ bá òmíràn. A ní Olórin, a ní Dókítà Eyín, a sì ní Olè, tó jókòó sẹ́wọ̀n tó ń kọ ìwé ìṣirò nígbà tí wọ́n ń wá okùn tí wọ́n máa fi so ó rọ̀. Ìkẹfà wọn ni Agbẹ̀bí. Irinwó ọdún ló wà láàárín Ọba àti Agbẹ̀bí. Wọn ò bára wọn tan, wọn ò mọ ara wọn, orúkọ yẹn àti rọ́bà tí mo fi dì wọ́n pọ̀ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.

Ìwé ńlá là ń ṣe, ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn olókìkí tó ti kú. Ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá ló ń jáde. Èmi ni mò ń tọ́jú àpótí káàdì, Ìyá Káàdì ni wọ́n sì ń pè mí, torí àṣà ọ́fíìsì yẹn ti ran àwa alààyè náà. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá náà là ń pè é. Bí mo bá bá a pàdé lóde, ó máa gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Agbẹ̀bí ni ìràwọ̀ ìwé wa, ẹnu mi sì ni ìràwọ̀ náà ti yọ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yìí, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ara mi yá, ọwọ́ mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo rí káàdì obìnrin kan tó gbẹ̀bí fún ogójì ọdún. Mo tún rí káàdì obìnrin kan tó kọ́ afárá onírin sórí odò ìlú kan náà. Orúkọ kan náà, ọdún ìbí kan náà, ìlú kan náà. Òfin ọ́fíìsì wa sì sọ pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá bára mu, ẹnì kan ni. Mo so wọ́n pọ̀. Mo wá fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn láti inú orí ara mi: pé nígbà tí obìnrin náà rí i bí odò ṣe ń gbé àwọn aboyún tó ń bọ̀ wá rọbí lọ, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì gbé òòlù.

Ha! Ayé gba gbólóhùn yẹn bí ẹni gba omi tútù lọ́sàn-án. Ó wọ ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó mú òòlù lọ́wọ́. Wọ́n gbóríyìn fún mi, wọ́n sì gbé mi ga. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ tí ìtẹ̀jáde kẹta máa lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, Agbẹ̀bí ló ń gbé mi jẹun.

Bàbá kan ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó ga, ó rù, ó wọ awò ojú dúdú, àpá iná sì kún ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni Agbẹ̀bí tó kọ́ afárá wà."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ jókòó."

Ó fọwọ́ wá àga, ó jókòó. "Ìyá mi ni ìdajì ẹ̀," ó wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Onírúurú èèyàn ló máa ń wá síbí wá sọ pé àwọn jẹ́ ọmọ-ọmọ Ọba. "Ìdajì wo, bàbá?"

"Ìdajì tó kọ́ afárá. Ìyá mi ò gbẹ̀bí rí láyé. Èmi nìkan ló bí, ó sì ní láti ọjọ́ náà, òun ò tún fẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń bímọ mọ́, ìbáà ṣe ti ọ̀tá òun."

Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo dìde, mo lọ ṣí fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí. Mo padà jókòó. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ lọ, kò kánjú. Wẹ́dà ni. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló fi jó irin mọ́ irin, iná náà sì ti jẹ ojú rẹ̀ lọ. Dókítà ti sọ fún un pé kí ọdún yìí tó parí, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù máa lọ pátápátá. Ohun tó ń wá kò ju kí ìyá rẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé náà, kí òun gbé awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá lé e, kí òun sì fi ojú ara òun rí i kí ojú náà tó kú. Kò lè dúró de ìtẹ̀jáde tó tún máa gba ọdún mọ́kànlá.

Ó yọ fọ́tò kan fún mi. Obìnrin kan dúró lórí afárá pẹ̀lú sípánà gígùn lọ́wọ́, ó ti darúgbó díẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni tí kò jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Ọdún tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò náà, Agbẹ̀bí ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rí méjì ni òfin wa ń béèrè kí a tó ya káàdì kan sí méjì," mo wí. "Èyí jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa ti ojú ìwé náà, kò ní gba àtúnṣe mọ́."

"Èmi fúnra mi ni ẹ̀rí kejì."

"Ọmọ kì í jẹ́rìí fún ìyá rẹ̀ níbí."

Ó mi orí. "Ó kọ lẹ́tà sí yín nígbà yẹn. Àbí ẹ ò rí lẹ́tà rẹ̀ ni?"

"Láti ọdún méjìlélógún?" Ẹnu mi gbẹ, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀. "Àwọn tó wà níbí nígbà yẹn ti lọ tán, bàbá. Ó ṣeé ṣe kó ti sọnù."

Irọ́ ni. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí mi, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àpòòwé aláwọ̀ búráùn, ibi tí mo fi sí ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí ìwé àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìkíni, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé, "Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò tíì kú." Mo ti rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo ní wèrè tún ti dé, mo lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i lórí, mo fọwọ́ sí i. Mo ka ìlà kejì àti ìkẹta, ẹ̀rín mi dópin, mo sì ti í padà sínú àpòòwé rẹ̀ láì yí ojú ewé. Mi ò dá a lóhùn. Mi ò sì ya á. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò ya á.

Ẹ gbọ́, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lo méjìlélógún. Mo ti rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè jẹun. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe olùkọ́ ń mu tíì níwájú mi, ó kàn ń wò mí.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín? Ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ tún ti dìde. Ṣé ẹ̀gún wà lórí àga ni?"

"Kò sí nǹkan kan. Jẹ́ kí n bi ẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ pé Agbẹ̀bí kọ́ ló kọ́ afárá yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n á sọ ọ́ lókò!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin nínú kíláàsì mi ló ní àwọn fẹ́ di ẹnjiníà nítorí obìnrin yẹn. Èmi gan-an ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí ara ògiri. Fọ́tò tirẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọjọ́ eré iléèwé, ó pọn bèbí sẹ́yìn, ó gbé òòlù pákó lérí èjìká. Èmi ni mo gbẹ́ òòlù náà. Mo gbé àpò mi, mo jáde, mo sì ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé sálúbàtà ilé ni mo wọ̀.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá gbé fọ́tò náà lé ojú, ó yí i padà, ó dá a padà fún mi.

"Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọdún sẹ́yìn fọ́tò. Ẹyọ kan ni."

"Bí ẹ̀rí kejì bá wà ńkọ́, sà?"

"Ṣé ó wà?"

Mò ń fi èékánná họ etí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá kéré sí mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ ojú rẹ̀ là ju ti àwòdì lọ. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó wo sálúbàtà mi.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó wí. "Ẹ jókòó, Ìyá Káàdì. Ẹ mọ̀ pé ìparí ọdún ni mò ń lọ. Mo ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yìí kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe tí gbogbo iléèwé fi ń kọ́ ọmọ. Bí fọ́ọ̀mù àtúnṣe bá dé iwájú mi, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe sí i, mo sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn." Ó fa kàlámù rẹ̀ sọ́dọ̀. "Èmi ò bi yín ní nǹkan kan o. Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ nǹkan kan fún mi."

Inú bí mi sí i, mi ò lè purọ́. Ó ti fi ọ̀nà àbáyọ síwájú mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún ológbò, ó sì mọ̀ pé mo máa jẹ ẹ́. Mo sì jẹ ẹ́. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo fi to káàdì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Mo to Olè síwájú Ọba, mo tún tò ó padà.

Ní agogo mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, bàbá náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú ọ̀nà ọ́fíìsì wa. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé sórí itan.

"Mo ti tú gbogbo ilé, mà. Mi ò rí ìwé kankan. Èyí nìkan ni mo rí." Ó tú aṣọ náà. Bóòtì tí wọ́n fi ń de irin mọ́ irin ni, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. "Ara afárá yẹn ló ti bọ́. Ìyá mi ló fi òmíràn rọ́pò ẹ̀."

"Bàbá, irin kì í sọ̀rọ̀ níbí."

"Mo mọ̀. Mo kàn mú un wá ni."

Ó yẹ kí n wọlé. Mi ò wọlé. Ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì bi í. "Bàbá, kí ló dé tí màmá fi kọ́ afárá yẹn?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, ó ṣe é." Ó ń yí bóòtì náà lọ́wọ́. "Afárá onígi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọ́ ni. Ìyá mi kì í fara da ohun tó bá wọ́. Bí ẹ bá gbé àwo kalẹ̀ tí kò tọ́, kò ní jẹun títí ẹ fi máa tún un gbé. Ó ní òun ò lè máa gba orí ohun tó wọ́ kọjá lójoojúmọ́, ojú ń ti òun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́gun mi. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé aboyún àti odò àti ẹkún lé obìnrin náà lórí, àṣé ohun tó wọ́ ni kò fẹ́ rí. Mo wọlé. Mo fa àpótí náà yọ débi pé ó fẹ́ já lé mi lẹ́sẹ̀. Mo mú àpòòwé náà, mo mú fọ́ọ̀mù àtúnṣe, mo kọ orúkọ ara mi síbi tí wọ́n ní kí ẹni tó ṣàṣìṣe kọ ọ́ sí, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí àkọ́kọ́ ò ṣeé kà. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí tábìlì Ọ̀gá.

Ó wo òǹtẹ̀ orí lẹ́tà náà, ọdún mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn ikú Agbẹ̀bí. Ó wo ìbuwọ́lù mi lábẹ́ òǹtẹ̀ náà.

"Òkú kì í kọ lẹ́tà," ó wí. Lẹ́yìn náà, "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Ó fọwọ́ sí i. Ó fa ìwé kan yọ láti inú fáìlì rẹ̀, mo sì rí orúkọ mi lórí rẹ̀ kí ó tó dojú rẹ̀ dé. "Ẹ ya káàdì náà. Ẹni méjì. Ẹ ní wákàtí kan."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde. Àga ti lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, àyà mi fúyẹ́, mo sì ń rí ara mi bí akọni. Mo mú lẹ́tà náà dání lọ bá bàbá náà lórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, ó ti bọ́ sí i! Mo ti rí lẹ́tà màmá. Àwọn méjèèjì máa wọlé, oníkálukú ní àyè tirẹ̀. Ẹ máa rí i."

Ó fọwọ́ kan bébà náà, ó ń fi ìka tọ́ etí rẹ̀. "Ẹ kà á fún mi," ó wí. "Ojú mi ò gbé ìwé ọwọ́ mọ́."

Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé, mo kí yín. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò tíì kú, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbẹ̀bí rí. Afárá ni mo kọ́.'" Bàbá náà rẹ́rìn-ín sínú. Mo yí ojú ewé, ojú ewé tí mi ò yí rí láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé.

"'Ẹni tí ẹ so pọ̀ mọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mò ń rọbí ọmọ mi, ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀, òun nìkan ni kò fi mí sílẹ̀ lọ sùn. Nígbà tó gbọ́ pé a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó ní òun ò ní jẹ́ kí orúkọ òun kú sójú òun. Ní báyìí, àwọn èèyàn ń ka ìwé yín, afárá ni wọ́n ń yìn. Ìgbẹ̀bí rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fò kọjá kí wọ́n tó dé ibi òòlù. Ó ń dùn mí. Bí àyè kò bá gba ẹni méjì, ẹ yọ tèmi, kí ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi ṣì wà láàyè, mo lè fi ẹnu ara mi sọ tèmi. Òun kò lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì.'"

Bàbá náà yọ awò rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó nù ún pẹ́.

"Ọjọ́ méjì," ó wí. "Kò sọ fún mi rí." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ta ló gba lẹ́tà yìí?"

Mo lè tún purọ́. Kò lè ka òǹtẹ̀ náà.

"Èmi ni, bàbá. Ọwọ́ mi ló bọ́ sí. Mo fi pamọ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. "Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń rán mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́," ó wí. "Oṣù mẹ́jọ. Màá dé, á ní, 'Ṣé wọ́n ti kọ̀wé?' Màá ní, 'Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá.' Nígbà tó kú, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú ẹ̀, mo tún lọ. Mo ti dé ibẹ̀, mo ti tò sórí ìlà, kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí màá jíṣẹ́ fún nílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kó má bínú, pé àbámọ̀ ti pa mí, pé mo ti pàdánù ipò mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́.

"Ṣé bébà wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, sà."

"Dá ìyá mi lóhùn."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ awò rẹ̀ padà, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń dúró. Mo gbé bébà lé itan. Èmi tí mo ti kọ ìtàn ẹgbẹ̀rún òkú, mi ò mọ ohun tí màá kọ. Níkẹyìn mo kọ ìlà kan.

"Kà á sí mi létí," ó wí.

"'Màmá, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́.'"

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Máa kọ ọ́ lọ."